Kéèkì Tí Wọ́n Fi Ṣíbí Jẹ

Mo wà ní ìsọ̀ ìyá onífúláwà kan nítòsí Gàráàjì Ìkòròdú, mò ń retí kó kàn mí, nígbà tí ìyàwó kékeré tó wà níwájú mi rọra ní kí wọ́n wọn kóńgò kan àbọ̀ fún òun.

"Ṣebí kóńgò kan lo rà lọ́jọ́sí?"

"Èmi ni mo ṣì í, mà. Kílò kan àbọ̀ ni wọ́n kọ síbi tí mo ti ka bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì lórí fóònù. Mo mọ̀ pé kóńgò ìrẹsì kan, kílò kan àbọ̀ ni. Mi ò rántí pé fúláwà fúyẹ́ ju ìrẹsì lọ, pé kóńgò rẹ̀ kan ò tó kílò kan àbọ̀."

"Kéèkì náà wá ńkọ́?"

"Òkè rẹ̀ pọ́n dáadáa. Ìgbà tí mo gé e nílé ìyá ọkọ mi l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, àárín rẹ̀ ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má ra kéèkì Iléyá fún wọn, pé èmi fúnra mi ni màá ṣe é."

"Wọ́n bínú?"

"Wọn ò bínú. Wọ́n wo kéèkì, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní kí n bá àwọn mú ṣíbí wá."

"Ṣíbí."

"Ṣíbí, mà. Lójú gbogbo ìyàwó ilé. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní ó dùn. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá ti bẹ̀ wọ́n, kó tán síbẹ̀. Títí di òní, mi ò lè pè wọ́n."

Ìyá náà gbọn kóńgò, ó tún bu fúláwà lé e.

"Ìgbà wo lò ń padà lọ?"

"Ọ̀la, mà. Ọ̀bẹ ni mo fẹ́ kí wọ́n bèèrè lọ́tẹ̀ yìí."