Àga Onítáyà Tí Wọ́n Dá Padà

Ẹnu mi ló dá ìjà náà sílẹ̀. A wà lórí ìlà ní pápá ọkọ̀ òfúrufú Ìlọrin nígbà tí òṣìṣẹ́ kan ti àga onítáyà wá fún ìyá àgbà tó wà níwájú mi, mo sì ní, "Àbí wọ́n yarọ ni?" Ojú ti ọmọkùnrin ìyá náà, ló bá ní kí wọ́n gbé àga lọ. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi wọlé.

"Àga Ìyá dà?"

"Àǹtí, mo ní kí wọ́n dá a padà. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Subhanallah! Ìwọ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Àbújá lọ́tọ̀, ti Jídà lọ́tọ̀! Tí Ìyá bá dé Àbújá, àwọn fúnra wọn ló máa lọ gba báàgì, tí wọ́n á tún wọ́ ọ lọ síbi ọkọ̀ òfúrufú Jídà. Pẹ̀lú orúnkún yẹn?"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Mi ò ní rọra! Tí wọ́n bá jókòó sí àga níbí, àwọn òṣìṣẹ́ Àbújá á ti gbé òmíràn dúró dè wọ́n. Ìwọ lojú ń tì, ẹsẹ̀ Ìyá ló máa jìyà ẹ̀! Wallahi, ìwọ ló yẹ kó pọ̀n wọ́n dé Mẹ́kà!"

Ìyá ní, "Ẹ má jà. Màá rìn ín."

Ọmọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn wò mí, kò fẹjọ́ mi sùn. Èmi tẹjú mọ́ fóònù mi. "Ẹ dárí jì mí, Ìyá" ló yẹ kí n sọ. Mo ṣì jẹ wọ́n ní gbólóhùn kan yẹn.