Ohun Tí Mo Rí Nídìí Ayùn

Ìyá àwọn ọmọ mi, pa ilẹ̀kùn dé kí o sì jókòó; ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ sún mọ́ mi. Dókítà ti sọ ohun tí ó sọ, èmi kò sì ní í gbé irọ́ yìí wọ ilẹ̀ lọ. Àbúrò rẹ tí ayùn pa kò yọ̀ ṣubú. Ìṣojú mi ni.

O rántí ìgbà tí ó ti oko dé. Yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbé. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń sùn, oúnjẹ kò sì kárí mọ́. Ìyá rẹ tí ó mú un wá pè mí sí kọ̀rọ̀: “Ọkọ ọmọ mi, ẹ má gbàgbé wárápá rẹ̀ o. Bí ẹ bá ti rí i tí ó ń fi àtàǹpàkò ra etí òsì, ẹ dì í mú.” Mo ní mo gbọ́. Nígbà tí mo mú un lọ gba iṣẹ́ ní ibi ìlagi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá bi mí pé, “Ṣé ara rẹ̀ dá?” Mo ní, “Ó dá ṣáṣá, sà.” “Ìwọ ni o dúró fún un o. Bí o bá parọ́, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó lọ.” Nígbà tí ìwọ béèrè bóyá ọ̀gá mọ̀ nípa àìsàn náà, mo ní ó mọ̀. Irú ènìyàn wo ni èmi?

Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. “Ará oko, rọra o! Èyí kì í ṣe iṣu!” Òun náà á ní, “Mo mọ̀. Iṣu kì í pariwo tó ìyàwó yín.” Ní ọjọ́ náà, ọ̀gá dúró tì wá. Àbúrò rẹ ń ti pákó sí ayùn, èmi ń gbà á lódìkejì. Ó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ó dákẹ́ bí ẹni tí a pè láti òkèèrè. Àtàǹpàkò rẹ̀ gòkè lọ sí etí òsì. Bọ́tìnnì tí ó ń pa ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá yóò béèrè ìdí. Mo wo ọ̀gá. Mo wo etí náà. Mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ṣa èérún igi bí ẹni pé n kò rí nǹkan kan, títí ariwo ayùn fi yí padà. Ìwọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbé òkú rẹ̀ wálé. N kò ní kí o dìde.

Bóyá ǹ bá tilẹ̀ dákẹ́ kú. Ṣùgbọ́n lánàá, nígbà tí o wà ní ìdáná, àbíkẹ́yìn wa yìí jókòó tì mí, ó ní, “Bàbá, wọ́n ti gbà mí sí ibi ìlagi yín! Lọ́jọ́ Ajé ni n ó...” Kò parí rẹ̀. Ó ń tẹ́tí sí ohun tí n kò gbọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ń ra etí òsì; lẹ́yìn náà ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, bí ẹni pé kò dákẹ́ rárá. Àforíjì tí mo ń tọrọ lè dúró, ìyá ọmọ. Kí ọjọ́ Ajé tó dé, ẹ dì í mú.