Ẹ̀rọ Tí Kì Í Kọ Orúkọ Ẹni Tó Wọlé

Ẹ̀yin ìyá ìjọ àti ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn ná. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́fun mi yìí kò ṣeé gbé wọ sàréè. Dókítà tó ń tọ́jú mi ti sọ orúkọ àìsàn mi fún mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ ni ojú ń tì mí, nítorí èmi Ìyá Sunday tí ẹ ń wò yìí, àṣírí ọmọ ọlọ́mọ ni mo tú.

Ẹ mọ kílíníìkì tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Totsi, ní Lomé níbí. Ẹnu ọ̀nà ni mo ń jókòó sí, mo ń gba orúkọ àwọn aláìsàn. Ayé ológun ni, ẹ ò gbàgbé. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, a ó máa wẹ̀yìn. Ọdún yẹn ni Dókítà Pierre ní ká fi ìwé sílẹ̀, ká máa kọ ohun gbogbo sínú kọ̀ǹpútà. Ètò méjì ni wọ́n gbé wá kó yàn. Ó ní kí èmi àti Élise, nọ́ọ̀sì wa, fọwọ́ kan méjèèjì wò. Kọ̀ǹpútà náà lẹ́wà lójú mi. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tutù bí òṣùpá inú omi; bí afẹ́fẹ́ òkun bá ti ń mi aṣọ fèrèsé, orúkọ àwọn èèyàn á máa léfòó níbẹ̀ bí ẹni tó sùn.

Nínú ètò àkọ́kọ́, olúkúlùkù ló ní ọ̀rọ̀ tó fi ń wọlé. Orúkọ aláìsàn nìkan ni èmi lè rí, ẹ̀rọ á sì kọ ẹni tó bá ṣí fáìlì sílẹ̀. Nínú èkejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. A ó rí gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì, kò sì ní kọ ẹni tó wò ó. Èyí àkọ́kọ́ já mi láyà. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé àwọn ìyá ọkọ máa ń wá sílé mi: "Ìyá Sunday, bá wa wádìí ọmọbìnrin tí ọmọ wa fẹ́ fẹ́." Ìwé aláìsàn ni mo ti ń jí wò fún wọn. Ó ń dùn mọ́ mi, ẹni burúkú.

Mo lọ bá Dókítà, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Dókítà, ní ìlú tá a wà yìí, ẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ máa kọ orúkọ ẹni tó ṣe tibí, ẹni tó ṣe tọ̀hún? Bí àwọn oníbọn bá wá béèrè ńkọ́?" Ó wo fèrèsé títí. Ìbẹ̀rù ti tọ́ òun náà dàgbà. Élise ní, "Davi," bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lóbìnrin ní èdè Mina nìyẹn, "bí a ò bá mọ olè, ẹni tó sún mọ́ ìkòkò la ó mú." Mo ní, "Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ máa sè níbí ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Dókítà mú èkejì.

Kò pẹ́, Ìyá Akínṣọlá wá. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ Kíkẹ́, ọmọ wa ní àdúgbò Cacaveli. Mo ṣí fáìlì ọmọ náà, mo rí i pé oyún kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí. Bí ẹni ń lálàá ni mo ṣe kà á; bí ẹni ń lálàá ni mo ṣe sọ ọ́. Ìgbéyàwó dàrú. Ìyá Akínṣọlá, ẹ má dìde. Èmi ni mo ṣẹ̀.

Kíkẹ́ wá sí kílíníìkì. Kò pariwo. Ó kàn ń wo Élise: "Anti, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún." Dókítà wo inú kọ̀ǹpútà, kò bá orúkọ ẹni tó ṣí fáìlì náà níbẹ̀. Élise kọjú sí mi: "Davi, ẹ ṣáà mọ̀ mí. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀." Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní mo dákẹ́ ni, ì bá sàn. Mo ní, "Dókítà, Élise fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ o." Élise bọ́ aṣọ funfun rẹ̀, ó ká a, ó lọ. Kò sí kílíníìkì tó gbà á mọ́. Èédú ló ń tà ní Sanguéra.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí èèyàn ti ń tú ara sílẹ̀, ohun tí ojú yín bá rí, kó parí sójú. Ẹ má sì tíì sọ pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Yorùbá ni mo fi ń jẹ́wọ́ níhìn-ín. Élise ò gbọ́ ọ, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn. Lọ́la, n ó lọ sọ ọ́ fún un ní Mina, kí n tó lọ bá Kíkẹ́. Mo bẹ̀ yín, kí ọ̀kan nínú yín tó gbọ́ Mina dáadáa bá mi lọ, kó má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ìdajì.