Mo Purọ́ Mọ́ Ọkàn Ọmọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe eré ìje ní ilé-ìwé ọmọ mi ni àwọn ará abúlé ti ń kí mi. "Ìyá Àmínà, ẹ kú ìtọ́jú o." Ìkíni yẹn ń gún mi lára. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè máa gbà á mọ́. Èmi gan-an ni mo de ọmọ náà mọ́lẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ìyànà Ọ̀fà. Ọkọ mi ń dáko ẹ̀gẹ́, èmi ń ránṣọ. Àmínà ni àkọ́bí wa. Bí mo ṣe bí i ni nọ́ọ̀sì ti rí i lójú rẹ̀ pé ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní Down syndrome. Ara irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń dẹ̀, wọn kì í tètè rìn, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè yọ lẹ́nu wọn. A gbà á bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi gbà á jù mí lọ.

Nígbà tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré kiri inú agboolé. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó wá gba aṣọ lọ́wọ́ mi rí i, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo bó ṣe ń sáré bíi pẹ́pẹ́yẹ!" Gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo wọlé lọ sunkún.

Kò pẹ́ sí àsìkò yẹn ni mo gbé e lọ sí ọsibítù n'Íbàdàn kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, torí ọkàn àwọn míì nínú wọn máa ń ní àléébù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò tán, ó ní, "Ọkàn ọmọ yín dáa. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó máa tàkìtì, nítorí egungun ọrùn irú wọn kì í le. Àmọ́ kó máa rìn, kó máa jó, kó máa gbá bọ́ọ̀lù. Ìyẹn ló máa fún iṣan rẹ̀ lókun."

Mo délé, mo bá ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dúró dè mí. "Kí ni wọ́n sọ?" Mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ò lágbára. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sáré."

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pọn Àmínà lọ sí ilé-ìwé àti ilé kéwú. Ìyá ọkọ mi ń gba ààwẹ̀ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nítorí ọkàn tí nǹkan kan ò ṣe. Mo ń wò wọ́n, mo ń ránṣọ mi lọ. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n má fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Wọn ò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lóòótọ́, torí wọn ò rí i kó sáré níta mọ́.

Àmínà sanra. Tó bá dìde lórí ẹní lásán, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí àwọn ọmọdé bá ń ṣeré níta, á dúró sójú fèrèsé, á máa pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ìgbà tó yá ni tíṣà tuntun kan dé, Àǹtí Fúnmi, tó ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá. Mo gbé oúnjẹ lọ fún Àmínà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá òun àti Àǹtí lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Ọmọ mi ń làágùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí Àǹtí ṣe rí mi ló kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mo mọ̀ pé ẹ ní kò gbọdọ̀ sáré. Ẹkún ló ń sun ṣáá láti bá wọn ṣeré. Ìrìn díẹ̀díẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ń ṣọ́ bó ṣe ń mí."

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ máa ṣe é lọ, Àǹtí. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbọ́."

Díẹ̀díẹ̀, ara ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó ń jó sí orin rédíò, ó ń bá mi pọn omi, ó ń sùn láìhanrun. Ìyá ọkọ mi ní Ọlọ́hun ti gba ààwẹ̀ òun.

Nígbà tí eré ìje kù díẹ̀, Àmínà fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí. "Bàbá, mo máa sáré. Àǹtí kọ́ mi."

Ọkọ mi fò dìde. "Ṣé tíṣà yẹn fẹ́ pa ọmọ mi ni?" Ó ní òun ń lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, kí wọ́n lé obìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́. Mo di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Àmínà, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ohun tó ṣe ọkàn ọmọ yẹn. Kò sí ohun tó ṣe é rí. Irọ́ ni mo pa."

Ó yíjú sí mi. "Gbogbo ìgbà tí mo fi ń pọ̀n ọ́n ńkọ́?"

Mo jọ̀wọ́ aṣọ rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ojú ló ń tì mí."

Kò lù mí, kò pariwo. Ó ní kí n fi ẹnu ara mi sọ fún ìyá òun, ká sì jọ padà sọ́dọ̀ dókítà kí òun náà fetí ara òun gbọ́. Mo ṣe méjèèjì. Ìyá ọkọ mi sunkún. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò bá ti sọ fún mi pé wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Ǹ bá ti lọ kò wọ́n lójú." Dókítà yẹ ọmọ náà wò, ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, ó ní kó sáré.

Lọ́jọ́ eré ìje, Àmínà ló gbẹ̀yìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tí wọ́n ta okùn sí, kò dúró. Ó ń sáré lọ tààrà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ kó gbé e. Àmínà ní, "Rárá, Bàbá. Mo máa rìn."

Àwọn méjèèjì ló jọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí oko báyìí tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi. Ọkọ mi ń bá mi sọ̀rọ̀, àmọ́ kò tíì máa bá mi ṣẹ̀fẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo gbà. Mo mọ̀ pé á rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní irú ọmọ yìí nínú yàrá, kó gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kó sì jẹ́ kó jáde síta.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti kúnlẹ̀ níwájú Àmínà, mo ní kó dárí jì mí. Ó rò pé eré ni. Òun náà kúnlẹ̀, ó dì mọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́mọ jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ ọmọ tí kò mọ̀ pé wọ́n ṣẹ òun?