Èmi Ni Mo Jẹ́ Kí Òjò Pa Ẹlẹ́tíródù, Bọ̀dá Múfú Ni Wọ́n Mú Búra

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ẹrù kan wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí ọmọ mi ti wà ní ọmọ ọwọ́. Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí, ẹrù náà ò sì fúyẹ́ rárá.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ nísinsìnyí ni pé, lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan wá sọ pé àdá gé Bọ̀dá Múfú lọ́wọ́ ní Ìmọ̀tà. Ọkọ mi gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Irin ti mú un. Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀." Irin ò ní ẹjọ́ kankan bá Bọ̀dá Múfú rò. Bí irin bá fẹ́ mú ẹnì kan, èmi ni.

Gbogbo orúkọ tí mo kọ síbí, mo ti pa wọ́n dà. Ẹ má bínú.

Wẹ́dà ni ọkọ mi, ní Lásunwọ̀n, n'Íkòròdú. Èmi ń ta omi tútù àti mínírà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Abẹ́ ọ̀gá kan náà ni òun àti Bọ̀dá Múfú ti kọ́ṣẹ́. Ọkọ mi ló ṣáájú, ìdí nìyẹn tí Múfú fi ń pè é ní Bọ̀dá. "Ìyàwó wa" ni ó máa ń pè mí. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni, wọ́n jọ ń jẹ.

Ní ọdún tí mo bí ọmọ mi, oníbàárà kan wá láti Ẹ̀pẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tún ọ̀kadà ṣe fún àwọn àgbẹ̀ tó wà nínú oko lọ́hùn-ún lọ́nà Èjìnrìn. Bí máṣíìnì bá kú sínú oko, ta ni yóò tì í dé títì? Ó fẹ́ kí wọ́n kan tírélà kan fún òun. Kì í ṣe tírélà gígùn tó ń kó sìmẹ́ńtì o. Kékeré ni, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí jíìpù. Ó ní kí ó gba ọ̀kadà mẹ́ta lórí ìdúró, pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ àti táyà. Ó ní, "Ẹ má kan tírélà orí títì ọlọ́dà fún mi o. Inú ẹrẹ̀ àti orí gbòǹgbò ni èmi àti òun jọ máa gbé."

Inú ọkọ mi dùn sí iṣẹ́ yẹn gan-an. Wọ́n lọ ra irin ìdí bọ́ọ̀sì àlòkù pẹ̀lú sípíríìnì rẹ̀, wọ́n wá táyà tó ga. Wọ́n jó ojú ọ̀nà tóóró mẹ́ta sórí rẹ̀ tí táyà ọ̀kadà yóò máa wọ̀ sí, kó má baà yẹ̀. Wọ́n jó ìkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fún okùn. Ìgbà tó ṣẹ́ ku ọrùn rẹ̀ nìkan, irin gígùn tó yọ síwájú, tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀, wọ́n dúró kí wọ́n lè lọ wá irin tó nípọn. Ọkọ mi ní gbogbo ẹrù, orí ọrùn yẹn ni.

Nínú àjẹkù irin tírélà náà ni Bọ̀dá Múfú ti jó kẹ̀kẹ́ ìkọ́rìn fún ọmọ mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bọ̀dá Múfú, ọmọ tí kò tíì jókòó dáadáa!" Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ máa fún un lọ́mú tiyín. Ẹ fi ti ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ rèé.

Eku ń dà wá láàmú nílé nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ògì gbígbẹ pẹ̀lú ẹ̀pà tí mo fẹ́ máa fún ọmọ, àárọ̀ ọjọ́ kejì eku ti dá ọ̀rá rẹ̀ lu. Mo sunkún. Agolo bísíkíìtì ńlá kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìdérí rẹ̀ le dáadáa, kòkòrò ò lè wọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ ni Bọ̀dá Múfú ń kó ẹlẹ́tíródù sí, àwọn igi tín-ínrín tí wọ́n fi ń jórin pọ̀, tí wọ́n fi nǹkan funfun bíi ẹfun bò lára. Àwọn méjèèjì ti lọ ra irin. Mo da àwọn igi náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lábẹ́ páànù, mo mú agolo. Mo fẹ́ wá ọ̀rá dì wọ́n. Ọmọ ké, mo gbé e lọ sílé, mo sì gbàgbé.

Òjò ọ̀sán rọ̀. Nígbà tí mo padà dé, omi ti ṣàn wọ abẹ́ páànù. Àwọn igi náà wà nínú rẹ̀, ẹfun ara wọn ti rọ̀ bíi ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n rẹ sómi.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ fún yín pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Ẹnu ọkọ mi ni mo ti máa ń gbọ́ pé omi àti ẹlẹ́tíródù kì í ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí oòrùn yọ, mo tẹ́ wọn sórí páànù, mo ń yí wọn bí ẹni ń sá èlùbọ́. Ilé tí wọ́n ti ń ṣe èlùbọ́ ni wọ́n ti bí mi. Èlùbọ́ tí òjò pa, bí a bá tún un sá, a ṣì máa ń fi ro àmàlà jẹ. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Nígbà tí wọ́n gbẹ, mo dì wọ́n, mo sì tò wọ́n síbi gíga kí àwọn tó lọ ra irin tó dé.

Mo sọ fún Bọ̀dá Múfú pé mo ti mú agolo rẹ̀ nítorí oúnjẹ ọmọ, mo ti kó igi rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ó ní, "Ẹ mú un, ìyàwó wa. Ọmọ ló ni ín." Mi ò dárúkọ òjò.

Ọjọ́ tí wọ́n jó ọrùn tírélà, oníbàárà ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú jíìpù rẹ̀. Ó ní ọjọ́ kejì ni ọjà Èjìnrìn, òun fẹ́ kó máṣíìnì lọ fún àwọn tó ń retí òun. Bọ̀dá Múfú ló ń jó o. Lójijì ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Bọ̀dá, igi yìí ń tutọ́ o."

Ọkọ mi ní, "Ebi ló ń pa ẹ́. Ìyàwó, jọ̀ọ́ bu oúnjẹ fún Múfú kí irin yéé tutọ́ sí i lára."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì lọ bu oúnjẹ. Ẹ̀rín yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ọrùn tírélà náà já nínú kòtò kan nígbà tí wọ́n kúrò lórí títì tí wọ́n wọ ọ̀nà oko. Tírélà dojú dé. Ọkùnrin kan tó jókòó ti àwọn máṣíìnì wà lábẹ́ wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Ó ti san, ṣùgbọ́n ó ń tiro di òní. Mi ò tíì fojú kàn án rí, ẹ̀rù ń bà mí láti fojú kàn án.

Wọ́n gbé tírélà náà padà wá. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wẹ́dà péjọ sí ṣọ́ọ̀bù wa. Bàbá tó jẹ́ olórí wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ibi tó ti já. Ihò wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ bí inú búrẹ́dì. Ó ní, "Igi tútù ni wọ́n fi jó èyí. Ta ló ń tọ́jú ẹlẹ́tíródù níbí?"

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà mi, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Bọ̀dá Múfú wojú mi. Kò pẹ́ níbẹ̀, ó kàn wò mí bí ẹni tó ń dúró de nǹkan. Mo tẹrí ba, mo ń tún ọ̀já ọmọ so.

Ó ní, "Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀, Bàbá. Gbígbẹ ni mo bá a."

Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n ní kó búra. Ó ní, "Mùsùlùmí ni mí o, ṣùgbọ́n irin ni mò ń jẹ." Ó fi ahọ́n kan irin tó já yẹn, ó ní bí òun bá mọ̀ pé omi kan igi náà kí òun tó fi jórin, kí irin bá òun jà. Ẹ̀yin èèyàn mi, lórí òótọ́ ni ó búra. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi, ọmọ mi sì rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan lẹ́yìn mi, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Láti ìgbà náà, ẹni tó búra irọ́ ni wọ́n ń pè é. Kò sí wẹ́dà tó fẹ́ gbà á sí ṣọ́ọ̀bù n'Íkòròdú, nítorí wọ́n ní irin ń lé e bọ̀. Àpò ìrẹsì ló ń rù ní Ìmọ̀tà báyìí, ó sì ń ro oko olóko. Èèyàn tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn àdá yẹn dé, mo rọra sọ fún ọkọ mi pé, "Dádì ọmọ, bí kò bá jẹ́ ẹ̀bi Múfú ńkọ́?" Ó ní, "Ìwọ náà rí ihò inú irin yẹn. Ṣé irin ń parọ́ ni?" Irin ò parọ́ lóòótọ́. Èmi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi, mo mọ̀ ọ́n, yóò ní ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ká pa á mọ́ra. Òun náà ni ó fi ọ̀rọ̀ igi tó ń tutọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ojú yóò tì í níwájú àwọn àgbà. Bí mo bá kọ́kọ́ lọ bá Bọ̀dá Múfú, mo ti dójú ti ọkọ mi lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá sì lọ bá ẹgbẹ́ tààrà, bóyá mi ò ní ní ilé tí mo máa padà sí. Bẹ́ẹ̀ ìta gbangba ni wọ́n ti ba orúkọ Múfú jẹ́. Inú yàrá kọ́ ni a ti lè tún un ṣe.

Ṣé ó ti mọ̀ pé èmi ni? Ìwò tó wò mí lọ́jọ́ náà ni mi ò lè gbàgbé. Bí ó bá mọ̀, tó sì fi ahọ́n rẹ̀ kan irin nítorí èmi àti ọmọ mi, irú ìdáríjì wo ni mo fẹ́ tọrọ?

Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ọmọ mi ń fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kiri iwájú ilé. Ó ti mọ̀ ọ́n rìn tipẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò. Òkúta ni ó kó sínú rẹ̀ tó ń fà á gba inú kòtò. Ó ti ṣubú pẹ̀lú rẹ̀, ó ti fi gbá ògiri, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ọkùnrin ti jókòó lé e rí. Kò sí ibi jíjó kan tó já lára rẹ̀. Kí òjò yẹn tó rọ̀ ni Bọ̀dá Múfú jó o.