Olú Méjì Tí Mo Pè Ní Ìdílé Kan

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí mo kọ́ ní Báyọ́lọ́jì ní Ìgàndó fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti rà síbẹ̀. Ẹnu mi ni mo fi pa irọ́ náà, ọwọ́ mi ni mo sì fẹ́ fi kọ òtítọ́ rẹ̀ kí n tó lọ. Kíndìnrín mi méjèèjì ti ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀, dókítà ò sì fi pa mọ́ fún mi. Lóṣù tó kọjá, Hamdalah tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ yín wá kí mi. Ó bá mi lórí àga níwájú ilé, ẹsẹ̀ mi wú, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Sà, a ti parí yàrá àyẹ̀wò tuntun fún ilé ìwé wa. Orúkọ yín la fẹ́ kọ sára ògiri ẹ̀." Omi bọ́ lójú mi, ó rò pé ti ayọ̀ ni. Kì í ṣe ti ayọ̀. Ẹ má kọ ọ́. Bí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ̀yin fúnra yín ò ní fẹ́ kọ ọ́.

Ẹ ó rántí bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń pín ohun ẹlẹ́mìí sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Màá bi yín pé, "Ẹyẹ ni àdán, àbí eku?" Kíláàsì á pín sí méjì, ariwo á sọ. Màá wá sọ pé fífò kọ́ la fi ń mọ ẹyẹ. Àdán ń bímọ, ó ń fún ọmọ lọ́mú, irun ló bò ó lára. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi kó o mọ́ ewúrẹ́ àti ènìyàn, tí wọn ò kó o mọ́ ẹyẹlé. Ẹ̀yà wà nínú ìdílé, ìdílé wà nínú ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ wà nínú ìjọba, bí yàrá ṣe wà nínú ilé tí ilé wà nínú agboolé. Olú ni mo máa ń fi kádìí rẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ti ń hù, síbẹ̀ kì í ṣe ewéko, nítorí kò lè fi oòrùn se oúnjẹ ara rẹ̀. Ìjọba tirẹ̀ dá dúró. "Ẹni tó bá ń fi ojú lásán pín nǹkan," èmi náà ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ o, "á fi májèlé pe oúnjẹ." Ẹ máa ń pàtẹ́wọ́. Nítorí "kíńdọ̀mù" tí òyìnbó ń pe ìjọba yìí, Baba Kíńdọ̀mù lẹ sọ mí. Orúkọ yẹn pa mí bí ọtí.

Ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, nínú oṣù kẹfà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé, níbi tí ilẹ̀ ti ń di àbàtà, olú hù rẹpẹtẹ, ó funfun báláú. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé e kún ọ̀rá. Ìwé òyìnbó kan wà lọ́wọ́ mi tó ní àwòrán olú ilẹ̀ tiwọn. Mo wo orí olú náà, mo wo abẹ́ rẹ̀, mo ní olú ọ̀gán ni, èyí tí gbogbo wa ń jẹ. Nígbà tí mo gbé e délé, Susanna ìyàwó mi wò ó, ó ní, "Èmi ò ní se ohun tí mi ò mọ ìyá tó bí i. Ẹ kọ́kọ́ lọ fi han ìyá tó ń ta olú lọ́jà ná." Inú bí mi. Èmi tí mo gboyè jáde ní yunifásítì, kí n lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ obìnrin tí kò mọ̀wé!

Mọ̀dínátù ni orúkọ ìyá tó ń sọ yẹn, opó ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta olú àti ìgbín ní ọjà kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa. Mo ti bá a jiyàn rí. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń hú olú tìdítìdí, tó ń kó iyẹ̀pẹ̀ wá bá oníbàárà, tí kò kàn fi ọ̀bẹ gé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ìdí la fi ń mọ olú jàre. Olú ọ̀gán ní gbòǹgbò gígùn tó wọlẹ̀ lọ bá ikán. Òmíràn wà tó jọ ọ́, àmọ́ tí ẹ bá hú u, ẹ ó rí i pé inú àpò kékeré kan ló jókòó sí. Ikú ló wà nínú àpò yẹn. Ìyá mi ló fi hàn mí." Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó sọ yẹn gan-an ló wà nínú ìwé àwọn onímọ̀. Èmi olùkọ́ ni mi ò kà á débẹ̀.

Akínlẹ́yẹ, tíṣà ìṣirò, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, ni a jọ ń gbé ilé kan náà. Ó ti lọ sí Abẹ́òkúta lọ máàkì ìwé ìdánwò. Ọmọ́wùnmí ìyàwó rẹ̀, télọ̀ ni, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn bí olú. Ọdọọdún ló ń rà á lọ́wọ́ Mọ̀dínátù. Mo gbé ọ̀rá náà fún un. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú ṣá?" Mo ní, "Ta lò ń bi? Mo ti wò ó nínú ìwé." Ó dúpẹ́, ó gbàdúrà fún mi. Ara mi ni mo ń bá wí: ìwọ Charles Ọlátúnbọ̀sún! Ó bi ọ́ léèrè. Ó fún ọ láàyè láti sọ pé o ò mọ̀.

Ọmọ́wùnmí sè é jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ń bì, inú ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èmi àti Susanna la gbé e lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ kejì tó débẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, ó jókòó, ó mu ògì, a ń dúpẹ́. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹyinjú rẹ̀ ti di rúsúrúsú bí ìyeyè. Dókítà fà mí sẹ́yìn. "Ó ní olú lòun jẹ. Níbo ló ti rí i? Bí a bá mọ irú olú tó jẹ́, yóò ràn wá lọ́wọ́." Mo ní, "Obìnrin kan ló máa ń tà á fún un lọ́jà." Kì í ṣe irọ́ pátápátá, kì í sì í ṣe òtítọ́. Nígbà tí mo padà sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, Ọmọ́wùnmí di apá ẹ̀wù mi mú. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ olú yẹn o. Ẹ sọ fún Àǹtí Susanna kó dà á nù." Kò bá mi wí. Ó rò pé a ṣẹ́ díẹ̀ kù sílé; ẹ̀mí wa ló ń rò. Kí Akínlẹ́yẹ tó dé, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ kẹfà ló kú.

Mo sọ fún Susanna pé mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́. Ó dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀wọ̀n lẹ fẹ́ lọ? Ta ló máa tọ́ ọmọ yín? Òkú ò ní jí, àbí? Ẹ dákẹ́." Mo dákẹ́. Susanna náà ti ṣaláìsí báyìí, mi ò sì ní di ẹ̀bi rù ú. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ.

Bí ẹ bá rò pé ibi tó burú jù nìyẹn, ó kù. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, ìyálọ́jà ránṣẹ́ pè mí sọ́jà; ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún dókítà ti dé etí Akínlẹ́yẹ. Ọ̀sán gangan ni. Akínlẹ́yẹ wà níbẹ̀, irùngbọ̀n ti kún un lẹ́nu, ọlọ́pàá kan dúró tì í. Wọ́n gbé abọ́ méjì síwájú mi. Olú gbígbẹ ló wà nínú méjèèjì: ti àkọ́kọ́ ni Ọmọ́wùnmí sá sójú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀, ti ìkejì wá láti inú apẹ̀rẹ̀ Mọ̀dínátù. Ìyálọ́jà ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ ìwé ẹ̀. Ṣé ọ̀kan náà ni?" Mọ̀dínátù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ fi Ọlọ́run wò ó o, Tíṣà. Gbòǹgbò tèmi rèé. Tibí yìí, ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e. Èmi kì í gé olú, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mo mú ọ̀kọ̀ọ̀kan dání. Mo rí ojú ọ̀bẹ mi lára ti àkọ́kọ́. Mo rí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ọrùn rẹ̀ ká, èyí tí kò sí lára ti Mọ̀dínátù. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan kó wọn pọ̀ nínú ìdánwò ni, òdo ni ǹ bá fún un. Gbogbo ọjà ń wo ẹnu mi. Mo gbé wọn padà sínú abọ́, mo nu ọwọ́ mi, mo ní, "Ìdílé kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan náà ni."

Ariwo ta. Wọ́n fọ́ àtẹ rẹ̀, wọ́n tẹ ìgbín rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n já ìborùn lórí rẹ̀, wọ́n ń pè é ní apànìyàn. Kò wo àwọn tó ń lù ú. Èmi ló ń wò. Ọlọ́pàá mú un lọ, wọ́n sì tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n onílé rẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó fi Ìgàndó sílẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú kíláàsì, mo ń kọ́ yín ní bí a ṣe ń mọ ohun tó jọra yàtọ̀ síra.

Lẹ́yìn tí Hamdalah lọ, Akínlẹ́yẹ ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ọkùnrin yìí ló ń gbé mi lọ sí ọsibítù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti bí ọdún kan. Ó gbọ́ ọ tán, ó bi mí pé, "Ṣé Ọmọ́wùnmí mọ̀ pé ìwọ ni?" Mo sọ ohun tí Ọmọ́wùnmí sọ fún mi lórí ibùsùn. Ó bú sẹ́kún bí ọmọdé, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó jáde. Títí di òní mi ò tíì rí i.

Mo wádìí títí mo fi mọ ilé Mọ̀dínátù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá a níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àgbà bí èmi. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn pé ẹ̀yin lẹ gé e. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ń gé olú." Mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ?" Ó ní, "Láàárín èmi àti ẹ̀yin, ta ni wọn ì bá gbà gbọ́?" Mo ní kó dárí jì mí. Ó mi orí. "Èmi kọ́ ni kí ẹ jẹ́wọ́ fún, èmi mọ̀ ọ́n. Ọjà lẹ ti sọ ọ́, ọjà ni kí ẹ ti lọ sọ ọ́."

Mo lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Wọ́n fún mi ní àga, mo sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi fóònù ká mi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń bi ara wọn pé, "Ta ló ń jẹ́ Mọ̀dínátù?" Àfi ìyá arúgbó kan tó ń ta ata, tó dìde tó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Mo wà níbẹ̀ o. Èmi ni mo já ìborùn ẹ̀. Ojú ìsọ̀ ẹ̀ ni mo ń jókòó sí láti ọjọ́ yẹn. Ẹ ní nọ́ńbà ẹ̀? Ẹ pè é fún mi." Mo pè é, mo jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Ìyá aláta ń sunkún, gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Màmá, mo ti sọ ọ́ o." Mọ̀dínátù ní, "Ariwo ọjà ò jẹ́ kí n gbọ́. Ẹ tún un sọ."

Mo gbìyànjú, mo dìde dúró lórí ẹsẹ̀ mi tó wú, mo sì fi gbogbo ohùn tó kù nínú mi kígbe pé olú méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, pé èmi ni mo gé èyí tó pa Ọmọ́wùnmí, pé Mọ̀dínátù kò ṣe nǹkan kan. Ọjà pa lọ́lọ́. Mọ̀dínátù ní, "Mo ti gbọ́ báyìí." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mi ò mọ̀ bóyá ìdáríjì nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ti di olùkọ́ àti dókítà, bí wọ́n bá bi yín léèrè ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kò ní pa yín. Ẹ bá mi bẹ Akínlẹ́yẹ. Ẹ forí jì mí.