Omi Àlòkù

Nígbà tí owó epo ń ṣàn ní Warri, tí àwa tí a ń gbé ibẹ̀ sì ń tò fún karosíìnì lọ́jà Igbudu, Alájì aláṣọ kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ epo ló wà níwájú mi.

"Alájì, ẹ̀yin làgbà wa. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, a máa gbé ẹ̀rọ kékeré kan sódò wa nílé. Omi á máa yí i, iná á máa tàn."

"Omi tí wọ́n ti fa iná inú ẹ̀ jáde, ṣé ẹ̀bà á dì nínú ẹ̀?"

"Abeg, Alájì! Omi náà ṣì ni."

"Ọsàn tí o ti fún gbẹ, ṣé o lè gbé e fún àlejò? Omi àlòkù nìyẹn!"

"Bó ṣe wọlé ló ṣe máa jáde, á sì máa ṣàn lọ bá àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò."

"Àwọn wo ló wà nísàlẹ̀?"

"Ìlú àwọn àna yín ni."

Alájì fẹsẹ̀ ti gálọ́ọ̀nù rẹ̀ síwájú díẹ̀.

"Àwọn ló máa wá máa mu àlòkù wa?"

"Kò sí àlòkù kankan, Alájì. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé…"

"Má ṣàlàyé mọ́. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ?"